Ẹ̀kán Omi Wolé-wolé

Ẹ jẹ́ kí a ṣí fìlà fún ẹ̀kán omi kan. Kì í ṣe omi òjò, kì í ṣe omi ìrìbọmi. Inú ìgò dúdú kan ni ó ti ń jáde, obìnrin ilé ni yóò sì fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ kán an sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó bá gbọ́ pé àlejò ń bọ̀. Ọba ní adé, ìjòyè ní ìlẹ̀kẹ̀, ọlọ́pàá ní kóńdó. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni ó lè wọ imú ènìyàn láìgba àyè, kí ó sì sọ fún un níbẹ̀ pé, "Ibi tí o dé yìí, ilé ọ̀làjú ni"? Ẹ̀kán omi yìí lè ṣe é. Kì í fọ ilẹ̀, kì í fọ abọ́, n kò sì rí kòkòrò kan tí ó pa rí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ni ó ń fọ̀.

Omi wolé-wolé ni a ń pè é ní etí odò wa, lápá Ugbonla. Bí ó bá kán sínú omi, omi náà á funfun bí omidùn, òórùn ọsibítù á sì gba ilé kan. A gbọ́ pé àwọn wolé-wolé ìjọba ń lò ó ní òkè, níbi tí ilẹ̀ wà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, wolé-wolé kì í sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Á jókòó sábẹ́ agboòrùn, á na ọ̀pá sí ilé ìgbẹ́ wa tí ó wà lórí omi, á mi orí, á sì ní kí wọ́n máa tukọ̀ lọ. Nítorí náà, a kò mọ ohun tí ó ń fi omi náà ṣe gan-an. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìyàwó akọ̀wé ilé ìtajà, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní òdìkejì odò, ra ìgò kan, àti pé láti ọjọ́ náà kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ fa imú. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń kán an sí gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá mi kò ní ìgò. Eérú ni ó ní. Èèpo àgbọn ni ó máa ń sun, á jọ eérú rẹ̀ sínú ìkòkò kan tí ẹnu rẹ̀ ti ya, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, á wá mú èèpo àgbọn mìíràn fi ha ohunkóhun tí ó bá dọ̀tí. Ìkòkò ni o, abọ́ tánganran ni o, gíláàsì fìtílà, ilẹ̀ pákó, ìjókòó inú ọkọ̀, ọwọ́ tí ó ti ń la ẹja láti àárọ̀, gbogbo rẹ̀ ni eérú yẹn ń fọ̀. Kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi bọ̀wọ̀ fún un.

Ní àkókò tí mo ń sọ yìí, mo ti ka gbogbo ìwé tí ó wà ní ilé-ìwé abúlé wa tán. Ìwé kejì ni ilé-ìwé náà dé. Mo ti kà á, mo ti tún un kà, tíṣà sì ti ń ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ yòókù. Ìbátan bàbá mi kan, tí òun náà jẹ́ tíṣà ní òkè, wá ránṣẹ́ pé òun lè gbà mí sọ́dọ̀ kí n lè máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó òun yóò kọ́kọ́ wá wo èmi àti ilé tí mo ti jáde wá, nítorí pé wọ́n ní ọmọ wẹ́wẹ́ nílé, kò sì ní gba ọmọ láti ilé tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí. Bí ó bá gbà mí, mo di akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá kọ̀ mí, ẹja ni n óò máa yan títí wọn yóò fi fà mí lé ọkọ lọ́wọ́, kí n tún máa yan ẹja lọ níbẹ̀.

Mísìsì ni a ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá ti ń wọ bàtà ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, mísìsì ni.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ tí ó rán náà ti dé ni ìyá mi kò ti fi èèpo àgbọn sílẹ̀ mọ́. Bàbá mi wà lójú òkun, kò sí ẹni tí ìyá mi lè gbé ẹ̀rù rẹ̀ lé lórí bí kò ṣe èmi. A ha ilẹ̀ pákó títí ó fi funfun. A ha ìkòkò, a ha abọ́, a ha àkàsọ̀ tí wọ́n ń gbà gòkè láti inú ọkọ̀, títí kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó wà nínú omi, tí ẹja nìkan ń rí. Eérú àti omi ọsàn jẹ mí lápá, ara mi sú pupa pupa títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí mo bá dákẹ́ díẹ̀, ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún mi: bí ó bá ní n kò mọ̀wé ńkọ́? Bí ó bá ní mo tínrín jù ńkọ́? Mo tún mú èèpo àgbọn, mo ń ha á lọ.

Ilé mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mísìsì ń bọ̀, ìyá mi dúró láàárín ilé, ó fa imú, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹja," ni ó wí.

"Ìye," ni mo pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ìyá ní ọ̀dọ̀ wa, "ṣé mísìsì kì í jẹ ẹja ni?"

"Jíjẹ ọ̀tọ̀, òórùn ọ̀tọ̀. Dìde, gbé àtẹ yẹn."

A da omi sí ààrò, iná kú. A kó gbogbo ẹja tí ó wà lórí àtẹ sínú ọkọ̀ kékeré, a sì tu ú lọ sí òdìkejì odò. Ìyàwó akọ̀wé ti dúró dè wá, ọwọ́ ní ìbàdí.

"Ìyá tíṣà ọ̀la!" ni ó kí ìyá mi. "Ṣé ẹ ti di òyìnbó ni, tí ẹ ń lé ẹja jáde nílé?"

"Ìyàwó akọ̀wé, ṣàánú mi. Bá mi fi ìwọ̀nyí pamọ́. Kí o sì..." Ìyá mi wo ilẹ̀. "Kí o sì bù mí ní omi rẹ yẹn díẹ̀."

Ìyàwó akọ̀wé fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó kó o jẹ. Ó wọlé, ó bu díẹ̀ wá nínú ife kékeré kan, ó sì fi àwo bò ó bí ẹni pé yóò fò lọ.

"Ẹ̀kán kan ni o," ni ó wí. "Ẹnu ọ̀nà nìkan. Kì í ṣe ọbẹ̀, kì í ṣe pé kí ẹ bù ú yó."

Nígbà tí a dé ilé, ìyá mi kán ẹ̀kán kan sí ẹnu ọ̀nà. Ó fa imú. Ẹja. Ó kán òmíràn. Ó wo ojú odò, ó rí ọkọ̀ kan tí agboòrùn wà nínú rẹ̀ ní ọ̀ọ́kán, ni ó bá da gbogbo ohun tí ó wà nínú ife náà sínú igbá omi kan, ó sì wọ́n ọn ká ilé, orí àkàsọ̀, ara ògiri, àti ara mi.

Mísìsì dé. Kò ju ọmọdébìnrin ìyàwó lọ, ìyá mi lè bí i, ṣùgbọ́n ìyá mi kúnlẹ̀ fún un lórí pákó.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ewu odò, mà."

Mísìsì fi ẹsẹ̀ kan lé àkàsọ̀. Ó dúró. Imú rẹ̀ ṣí, ó pa dé. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ náà padà sínú ọkọ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè pé:

"Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé ilẹ̀ ibí ò gbóná?"

Ẹni tí ó bá ti gbé ní òkè mọ ohun tí ó bèèrè. Wọn kì í pe àrùn burúkú tí ń sú sí ènìyàn lára lórúkọ níbẹ̀. Ilẹ̀ gbóná ni wọ́n ń wí. Olóde ni àwa ń pè é. Ní òkè, ilé tí olóde bá ti jà ni wolé-wolé máa ń wọ́n omi rẹ̀ sí, òórùn náà kò sì ní ìtumọ̀ mìíràn lójú wọn. Ìyá mi kò mọ èyí. Ohun tí ó gbọ́ ni pé mísìsì kò fẹ́ ooru.

"Ilẹ̀ kẹ̀, mà?" ni ó wí. "Omi ni ó wà lábẹ́ wa. Inú ilé ni ó ń gbóná díẹ̀."

"Inú ilé?"

"Díẹ̀ ni, mà. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, á rọlẹ̀."

"Ta ni ó gbóná fún?"

"Gbogbo wa ni, mà. Ọmọ yìí gan-an kò fojú kan oorun lánàá."

Mísìsì gbé ojú sókè sí mi. Mo na apá méjèèjì láti gba ẹrù rẹ̀. Ó rí apá náà bí ó ṣe sú pupa pupa.

"Yí ọkọ̀ padà," ni ó sọ fún atukọ̀.

"Mà!" Ìyá mi dìde. "Mo ti fi omi wolé-wolé fọ gbogbo rẹ̀, mà!"

"Mo ti gbóòórùn rẹ̀, Ìyá. Ọlọ́run á wò yín sàn."

Ọkọ̀ yí. Ẹ̀yìn gèlè mísìsì ni mo ń wò, gbogbo ìwé tí n kò tíì kà sì ń bá a lọ. N kò mọ ohun tí mo ṣe. Mo rò pé bóyá apá mi tínrín jù lóòótọ́. Ìyá mi ṣì di àkàsọ̀ mú bí ẹni tí ó ń dúró de àlejò mìíràn.

Atukọ̀, ọmọ odò bíi tiwa, ni ó tú ọ̀rọ̀ náà. Ó rí ọkọ̀ kan tí ó ń bọ̀, ó sì kígbe sí i pé, "Ẹ má yà síbẹ̀ o! Olóde ń bẹ nílé yẹn!"

"Olóde?" Ìyá mi pariwo. "Nílé ta?"

Ariwo náà fa ìyàwó akọ̀wé jáde sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Irọ́ ni o!" ni òun náà kígbe. "Mísìsì, ẹ dúró! Omi mi ni! Ẹ̀kán kan ni mo ní kí ó kán, ó fi ṣe omi ìwẹ̀!"

Mísìsì ní kí atukọ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò súnmọ́ wa. "Ẹni tí ó ní i nílé kì í jẹ́wọ́," ni ó wí.

"Tí a bá ní i nílé, ṣé a óò máa yan ẹja?" ni ìyá mi dáhùn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ilé tí olóde bá wà, ẹnikẹ́ni kì í yan nǹkan kan níbẹ̀, kí ara Baba, olóde fúnra rẹ̀, má baà gbóná sí i.

"Ẹja náà dà?"

Ìyá mi yíjú wò mí. Ẹja wà ní òdìkejì odò. Ààrò kún fún omi.

Mo ti wà nínú ọkọ̀ kékeré kí ó tó pè mí. N kò tu ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìyàwó akọ̀wé ń ju ẹja sí mi, ó ń sọ pé, "Gbà, ọmọ ilé ẹja, gbà, kí wọ́n má baà sọ pé èmi ni mo pa ọ́ lára." Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi dúró lórí àkàsọ̀, ó fi èèpo àgbọn, eérú àti ọsàn ha apá ara rẹ̀ lójú mísìsì, kíkan kíkan, títí òun náà fi sú pupa bíi tèmi.

"Ẹ wò ó, mà. Ẹ wò ó dáadáa. Ilẹ̀ ni ọmọ náà fọ̀."

Ṣùgbọ́n iná kọ̀. Igi ti tutù. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ààrò tí ó kún fún omi àti eérú, tí ìrètí ilé-ìwé mi wà nínú rẹ̀, mo ń fẹ́ ẹ, omi ń bọ́ lójú mi, n kò sì mọ èyí tí ó jẹ́ ti èéfín àti èyí tí ó jẹ́ tèmi. Mo bẹ iná náà. Mo pè é ní bàbá, mo pè é ní tíṣà. Níkẹyìn èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbéra, ó gba òrùlé jáde, òórùn ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé òórùn ọsibítù kúrò nílé wa.

Mísìsì wo èéfín náà, ó sì fa imú. Lẹ́yìn náà ó gòkè wá, ó jókòó, ó sì jẹ ẹja méjì.

"Ẹ̀rù ti bà mí," ni ó wí nígbẹ̀yìn, tí ó ń nu ẹnu. "Mo rò pé mo ti wọ ọkọ̀ láti àárọ̀ wá sílé tí kò ní ẹja."

Ó mú mi lọ. Eérú ni mo fi ń fọ abọ́ rẹ̀ títí mo fi kàwé tán níbẹ̀, a kò sì gba omi wolé-wolé láàyè kọjá ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣe ìjọba, mo ti gba oyè ní yunifásítì, mo sì ti fi ẹnu mi bu ẹ̀tẹ́ lu gbogbo ẹni tí ó ń wọ kóòtù nínú oòrùn kí ó lè jọ òyìnbó. Ọ̀gá mi òyìnbó ní òun àti ìyàwó òun yóò yà kí mi nílé. Mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ gbogbo ilé, ó mọ́. Mo gbé ẹja tí ìyá mi fi ránṣẹ́ lọ sí ilé aládùúgbò. Mo wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò dúdú kan lọ́wọ́, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.

Èmi náà kán an.