Àpótí Tó Kù Lójú Kọ̀ǹpútà

Pálọ̀ mi ní Ire-Akari ni mo ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn ilé ìwé. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ló ṣe ètò tí mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà, kó tó lọ ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Bí ọmọ bá dé, mo máa ń tẹ bọ́tìnì, àpótí tuntun á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ ọmọ náà àti ti ẹni tó máa wá mú un sí. Bí wọ́n bá mú un lọ, mo yọ àpótí rẹ̀ kúrò. Ara mi kì í balẹ̀ títí èyí tó kẹ́yìn á fi lọ.

Ọmọ mi ti kọ́kọ́ fi iye wọn sí òkè. Mo ní kó yọ ọ́.

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

“Màmá, kọ̀ǹpútà ló ń kà á, ẹ̀yin kọ́.” Ṣùgbọ́n ó yọ ọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ṣú. Òbí àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù sáré dé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbá ọmọ wọn mú, wọ́n lọ. Mo wá tẹ bọ́tìnì tó ń kó gbogbo àpótí kúrò, èyí tí n kò lò rí. Ọ̀kan kù, ti ọmọkùnrin tó kéré jù.

Àbí ọmọ náà ṣì wà nínú ilé? Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo ilé ìwẹ̀, mo jáde sínú òjò dé géètì. Ó jọ pé mo rí i tó jáde, ṣùgbọ́n n kò lè búra. Mo pe ìyá rẹ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ gbà á padà ni? Ẹ̀wà ló ń jẹ níwájú mi yìí.”

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi pe ọmọ mi. Ó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà mi. Mo ń wo ọfà kékeré tó ń rìn kiri lójú rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé.

“Ẹ má bínú, Màmá. Láti iwájú ni mo ní kí ètò máa yọ wọ́n. Bí ti àkọ́kọ́ bá kúrò, èkejì á sún sí àyè rẹ̀, ètò á sì ti kọjá ibẹ̀. Ẹ̀yìn ló yẹ kó ti máa yọ wọ́n bọ̀.”

Ó tún un ṣe, ó jáde nínú kọ̀ǹpútà náà, ó ní kí n fi orúkọ mẹ́ta dán an wò. Mo kọ orúkọ rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé, àti tèmi. Mo tẹ bọ́tìnì.

“Ṣé wọ́n ti lọ?”

“Gbogbo wa ti lọ.”



“Màmá, ẹ dìde, ẹ lọ jẹun. Mo wà lórí fóònù.”