Lẹ́tà Tí Sàfúrátù Pa Rẹ́

Lọ́dún 1990, kò sí àṣírí tí Sàfúrátù kò mọ̀ l'Ówu. Òun ló ń bá wọn tẹ lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tán, oníbàárà á ní kó pa ti inú ẹ̀rọ rẹ́ lójú òun, kó sì fọwọ́ lé Àlùkùráánì pé ó ti lọ pátápátá. Ó ti búra bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ni Adéṣẹ́gun, tó máa ń bá a tún ẹ̀rọ náà ṣe, wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ètò tuntun tí yóò máa darí kọ̀ǹpútà ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Lẹ́tà tẹ́ ẹ bá pa rẹ́, yóò dá a padà!"

"Dá kí ni padà?"

"Kò kúkú lọ síbì kankan tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan lẹ̀rọ ń yọ."

Sàfúrátù yíjú sí ẹ̀rọ náà. Ó rántí lẹ́tà tí Asiata aláàdìrẹ ní kó bá òun kọ sí bàbá ọmọ rẹ̀ gan-an, ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀.

"O tún ń rẹ́rìn-ín, ọ̀dájú!" ló fi jágbe. Ó wá wo Àlùkùráánì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "Adéṣẹ́gun, ètò tuntun yẹn, ṣé ó lè pa ìbúra rẹ́?"