Nọ́ńbà Tó Ń Ka Ìrìn Mi

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mi lóṣòó ti alùpùpù mi, ó fi àtàǹpàkò nu eruku ojú míìtà rẹ̀, ó sì ka nọ́ńbà tó ń sọ iye tó ti rìn. Mo rò pé ọ́ìlì ló fẹ́ pààrọ̀.

"Láti ilé wa ní Sagnarigu dé ọjà, àlọ àtàbọ̀, kìlómítà mọ́kànlá ni," ó ní. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo rìn lónìí. Ta ló ni mẹ́rin tó lé?"

Mo ní mo yà lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Jisonayili. Òótọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ tó gbé ọ débẹ̀, n ó ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan."

Ó ti lù mí yọ eyín rí, mo sì máa ń sọ fún ara mi pé inú ló bí i. Lọ́jọ́ yìí, inú kò bí i. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń ránni níṣẹ́. Mo mọ̀ pé bí n kò bá kúrò ní Tamale, ọwọ́ rẹ̀ ni n ó kú sí.

N kò lè wọ bọ́ọ̀sì. Ibùdókọ̀ ló ti ń tajà, gbogbo awakọ̀ ló sì mọ̀ mí sí ìyàwó rẹ̀. Alùpùpù yẹn nìkan ló kù, ó sì ti gbó.

Mo gbé e lọ bá fítà kan tó ń tún alùpùpù ṣe lẹ́yìn ọjà, bàbá Dàgọ́ḿbà kan, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, tó gbọ́ Haúsá. Mo ní mo fẹ́ gùn ún dé Ìlọrin, ìlú wa.

"Hàjíyá," ó ní, bẹ́ẹ̀ n kò dé Mẹ́kà rí, "èyí ti tó fẹ̀yìn tì, ẹ wá ní kó lọ sí Nàìjíríà?"

Ó wo ẹnu mi níbi tí eyín ti yọ, kò sì bi mí léèrè mọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é, nígbàkigbà tí mo bá wá sọ́jà. Ó pààrọ̀ ṣéènì. Ó fi táyà tuntun sí i, ó sì fi ẹrẹ̀ pa á kó lè dà bí ògbólógbòó. Ó na wáyà kílọ́ọ̀ṣì mìíràn ti èyí tó wà níbẹ̀, ó ní bí ọ̀kan bá já lọ́nà, kí n kàn yí orí èkejì sí i. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lẹ túùbù. Nígbà tó yẹ kí a dán ẹ́ńjìnnì wò lójú ọ̀nà jíjìn, ó ní kí n fi ọwọ́ ara mi tú wáyà tó ti ara táyà iwájú lọ sí ojú nọ́ńbà náà. Nọ́ńbà dúró. Mo gùn ún lọ sọ́nà Yendi, mo sì padà wá de wáyà náà.

Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé láti dè é.

"Mẹ́fà péré," ọkọ mi ní. "Ṣé orí lo fi ru alùpùpù bọ̀ láti ọjà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé wa wálé."

Kò nà mí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi sápò. Mo wá di ẹlẹ́sẹ̀. Mo rìn lọ sọ fún fítà pé ó ti parí. Ẹ̀rín pa á.

"Hàjíyá, inú ibi tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń wọ̀ ti jẹ tán látọjọ́ tó ti pẹ́. Kọ́kọ́rọ́ àpótí yín lè ṣí i."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ọkọ mi wà ní mọ́ṣáláṣí, mo dán an wò. Ẹ̀ẹ̀kejì ló yí. Ìkòkò ṣì wà lórí iná nígbà tí mo jáde. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì já lójú ọ̀nà, lẹ́yìn ìlú Kara. Mo yí èkejì sí i, mo sì ń bá ìrìn mi lọ. Ọjọ́ kẹrin ni mo dé ilé àbúrò mi ọkùnrin ní Ìlọrin.

Ojoojúmọ́ ni ọkọ mi ń pè mí lórí fóònù. Ìyàwó òun ṣì ni mí, ó ní, òun ń bọ̀ wá mú mi, kò sí ẹni tó lè dá òun dúró.

Oṣù méje ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àgbà àwọn àáfà wa ní Tamale pe àbúrò mi.

"A pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó; ó ti kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti búra pé òun kò ní wá a wá."

Mo gba fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́?"

"Lójú àwa mẹ́rin. Ikọ́ gbé e láàárín ọ̀rọ̀, a ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi bèèrè bóyá kí òun bu omi wá. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ ṣí ilẹ̀kùn ìta, tí a ti ń tì tọ̀sán-tòru láti ọjọ́ tí mo ti dé.