Afọ́nnu Tó Kó Wa Lọ sí Enugu

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mo léèyàn níbẹ̀." Èsì olórí ẹgbẹ́ alùpùpù wa nìyẹn tá a bá bi í níbi tá a máa sùn lẹ́nu ìrìn àjò ìsinmi wa. Ní Enugu, òjò ti pa wá rin gbingbin ká tó dé òtẹ́ẹ̀lì tó júwe ní GRA. Mẹ́gáàdì wò ó, ó ní: "Oga, I no know you o."

A wákiri títí dé Abakpa, kí ìyá kan tó ṣàánú wa, tó fún wa ní pálọ̀ rẹ̀. Afọ́nnu yìí ló kọ́kọ́ na ara lé àga gígùn. Ìyàwó mi tí ibà ń ṣe sùn sórí sìmẹ́ńtì.

Láàárọ̀, mo gbọ́ tó ń pariwo lórí fóònù: "Èmi ni mo wálé fún wọn o!"

A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá náà, a sì forí lé ilé láì tiẹ̀ kí ọ̀gá.