Ọmọ Tí A Kò Kà

Epo jíà pupa ń kán tó, tó, sínú báàfù. Mo dùbúlẹ̀ lórí páálí lábẹ́ mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà, bàbá tó bí ìyá mi, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Òórùn epo jíà tó ti jóná ń ta mí nímú. Ariwo ọjà Jankara ń hó lẹ́yìn ilé. Ojú bàbá àgbà ti ń ṣe bàìbàì. Èmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, ni ojú wọn.

Wọ́n tú nọ́ọ̀tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rọra fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gba irin pẹlẹbẹ kan tó kún fún ihò bí ilé ikán. "Ọpọlọ jíà nìyí. Òun ló ń pàṣẹ." A gbé e jáde sórí tábìlì, a sì fa báàfù epo sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n là á sí méjì, àwọn irin róbótó tí kò tó hóró ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Ọmọ ni wọ́n ń pe ìyẹn. Wọ́n tò wọ́n sórí aṣọ funfun.

Aládùúgbò wa tó ni mọ́tò náà, tó fi ń kó ẹrù àwọn oníṣòwò ọjà Sandgrouse, dúró tì wá. "Bàbá, ẹ má sọ mọ́tò mi di àkísà o!"

"Tó bá di àkísà, fi nu imú ẹ. Kúrò níbi ìmọ́lẹ̀."

Ọmọ mẹ́ta ni bàbá àgbà ti sin. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í ka ọmọ lójú wọn, ìbáà jẹ́ ti irin. Orí ni wọ́n fi mọ ihò tí kálukú ń wọ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á nínú mi. Méje ló jáde. Nígbà tí wọ́n ń dá wọn padà, mẹ́fà ni mo rí tó wọlé.

"Bàbá àgbà, ó dà bíi pé ó ku..."

"Ṣé ò ń kà wọ́n ni?" Ohùn wọn le. "A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ!"

Mo panu mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, jíà náà já lórí afárá. Mọ́tò dúró gbagidi, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ráyè tẹ bíréèkì kó tó kọlù ú. Orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ aládùúgbò wa.

Nígbà tí wọ́n gbọ́, bàbá àgbà ká apá aṣọ wọn sókè. Wọ́n kúnlẹ̀ ti báàfù epo àná, wọ́n tẹ ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi mú ọmọ keje jáde.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"O wá dákẹ́."

"Ẹ ní ká má kà á ni, sà."

Wọn kò bá mi wí. Wọn kò sì tún tú jíà kankan mọ́ títí wọ́n fi kú.

Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ṣùgbọ́n kí n tó dìde, n ó ti sọ ohun tí ojú mi rí. Àwọn kan ń pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo gbà.