Bàbá Adédìran Sọ Ọkọ̀ Ogun Lórúkọ

“Ẹ̀yin ọmọ, mo ní àlọ́ kan lẹ́nu.”
“Pa á fún wa, Màmá, etí wa ṣí sílẹ̀.”

Àlọ́ mi dá lórí Bàbá Adédìran ará àdúgbò wa ní Upney, olóògbé. Ó gbé oyin àti iyọ̀ dé géètì àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Portsmouth, ó ní òun wá sọ ọmọ lórúkọ. Sójà tó gbé ìbọn dání bi í pé ọmọ ọ̀hún dà. Bàbá nawọ́ sí ọkọ̀ ogun tó gùn ju àdúgbò wa lọ.

Ẹ̀rù ló gbé e débẹ̀. Inú ọkọ̀ náà ni Olúwatùmínínú, ọmọ ọmọ rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ máa lọ sí ojú òkun tí wọ́n ti ń ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀. Bàbá bi í pé ta ni Penrose tí ọkọ̀ ń jẹ́. Olúwatùmínínú ní ọ̀gágun àtijọ́ kan ni, tí òun àti ọkọ̀ rẹ̀ jọ rì. Báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ? Wọ́n fọ́ ìgò ọtí mọ́ ọn lórí ni.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò lọ lọ́fun Bàbá mọ́. Ó wọ sùtánà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ìjọ bá òun gbààwẹ̀ fún ọmọ tí wọ́n fún ní orúkọ tí kò dára. Wòlíì bèèrè ọjọ́ orí ọmọ náà. Bàbá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó wúwo tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tọ́ọ̀nù.

Ní géètì náà, sójà ò jẹ́ kó wọlé. Olúwatùmínínú sáré jáde, ojú ń tì í, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ sílé. Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tọ́ oyin sí i lẹ́nu.

“Tòkunbọ̀ ni mo sọ ọkọ̀ yín. Á gbé ọ lọ, á gbé ọ bọ̀.”

Sójà náà ṣe àmín.

Oṣù mẹ́ta, a ò gbúròó Olúwatùmínínú. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti dárúkọ òkun, Bàbá á pa á, á sì tún tàn án.

Ọmọ náà dé, ó rù hangogo. Bàbá mú un lọ dùbúlẹ̀. Ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ẹni tó bá wúkọ́, ó fi ojú lé e lọ. Bí ọmọ bá sì ta jí pẹ̀lú igbe, ohùn Bàbá ló ń gbọ́:

“Orí ilẹ̀ lo wà. Sùn.”

Ó yá, ẹ lọ dùbúlẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ẹnikẹ́ni, mo wà lẹ́nu ọ̀nà.