Léèsì Àyálò

Bí mo ṣe ń lọ aṣọ ọ̀gá mi lánàá, òórùn káńfọ̀ rú jáde nínú léèsì kan, mo sì tún rí màmá mi, lọ́sàn-án ọjọ́ tí a lọ sí Ìkẹjà, sí ọ́fíìsì àwọn lọ́yà tí ìjọba ń sanwó fún kí wọ́n lè bá tálákà ro ẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ọlọ́pàá ti mú bàbá mi nígbà tó ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n ní olè ni. Màmá mi ní a kì í wọ àkísà lọ bẹ ẹni ńlá, ló bá yá léèsì àti ìlẹ̀kẹ̀ ìyá onílé wa ní Agége. Kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí lójú mi.

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Màmá, àwọn tí kò ní la wà fún o. Ẹ lọ gba lọ́yà tiyín."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo yá a ni."

"Ìyálóde, ẹ yà fún wa o!" ni ọkùnrin kan kígbe lẹ́yìn wa.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń yìn ín ni.

Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni bàbá mi kú sí, láì tíì dé iwájú adájọ́ kankan.

Nígbà tí a padà dé àdúgbò lọ́jọ́ tí a lọ sí Ìkẹjà yẹn, àwọn obìnrin tó jókòó níwájú ilé rí léèsì, wọ́n kí màmá mi pé, "Ẹ kú ìnáwó o!"

Ó fún ọwọ́ mi títí ó fi dùn mí.

"Ẹ ṣé o," ló wí. "Ayọ̀ la ó máa fi ṣe."